Àwo VCD 180, ẹ̀rọ kan tó ti kú: ká ra DVD, ká ra Blu-ray, àbí ká kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì?

Àrẹ̀mú_Bódìjà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwo VCD bíi 180 ló wà nílé ìyá wa n'Íbàdàn. Fíìmù Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó máa ń jẹ́ àwo méjì-méjì, pẹ̀lú DVD bíi 40. Ẹ̀rọ VCD tí wọ́n ń lò kò ka nǹkan kan mọ́. Á yí àwo fún ìgbà díẹ̀, á kọ "NO DISC", á dákẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ínṣì 43. HDMI méjì àti USB kan ló ní, kò ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò ti àtijọ́.

Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí wọ́n ti àwo bọlé, kí wọ́n tẹ "play", ibẹ̀ ni tiwọn mọ. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ DVD ni, àbí Blu-ray tí wọ́n ní ó ń ka gbogbo àwo, àbí kí n da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì kí n sì kó àwọn àwo yẹn sọnù? Ẹ má gbàgbé pé iná máa ń lọ lójijì níbẹ̀.

Tóbi_Jẹ́jẹ́

Fláàṣì. Ta ló tún ń ra ẹ̀rọ aláwo lóde òní? Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù yẹn sì ti wà lórí YouTube. Ẹ kó àwo dànù jàre.

Ẹlẹ́rọAlábà

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ má tíì náwó, ẹ má sì tíì da nǹkan kan nù.

Ẹ̀rọ tó ń yí àwo tó sì ń kọ "NO DISC", eruku orí lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ẹ tú ìdérí rẹ̀. Lẹ́ǹsì ni ohun róbótó kékeré tó dà bí ojú ẹja lórí irin tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ fi òwú ìnutí kan ọtí isopropyl díẹ̀, kó má kán tótó, kẹ́ ẹ fi nù ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, orí wáyà tín-ín-rín ló dúró lé. Sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n ń fi nu egbò kò dára fún un, ó máa ń gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó dán an wò. Ẹ má tanná sí i kẹ́ ẹ wá máa wo inú lẹ́ǹsì o.

Bí kò bá kà lẹ́yìn èyí, léésà rẹ̀ ti rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò tún bá iye owó rẹ̀ mu mọ́, nítorí ẹ̀rọ VCD lásán kò lè ka DVD lọ́nàkọnà. Léésà 780 nanomítà ni CD àti VCD ń lò, 650 ni DVD, 405 ni Blu-ray. Ẹ̀rọ DVD ní méjì àkọ́kọ́ yẹn nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń ka àwo àtijọ́ pẹ̀lú tuntun. Ẹ rántí èyí bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀: ẹ mú DVD kan àti VCD kan dání lọ sọ́jà. Ẹ̀rọ lè ka DVD dáadáa kó má sì rí VCD rárá, ìyẹn ni pé léésà kan ti kú, èkejì ṣì wà láàyè.

Ti Blu-ray, ẹ fi sílẹ̀. Ìnáwó lásán ni fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ DVD tó ní HDMI ni kẹ́ ẹ ra. Bó bá jẹ́ oníhò mẹ́ta nìkan lẹ rí, ẹ ó nílò àpótí kékeré tó ń yí AV padà sí HDMI. Ẹ ka ara àpótí náà dáadáa: AV2HDMI lẹ fẹ́. HDMI2AV jọ ọ́ bí ìbejì, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, òdìkejì iṣẹ́ yẹn ló sì ń ṣe. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń dá a padà sọ́jà. Ó tún máa ń jẹ iná díẹ̀ láti ara USB, kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá ki wáyà yẹn.

Bọ́láńlé_Houston

Ọ̀gá ẹlẹ́rọ, Blu-ray kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ka DVD, ó ń mú àwòrán rẹ̀ bá tẹlifíṣọ̀n tuntun mu, àwo Blu-ray fúnra rẹ̀ sì ní ìbora líle tí kì í tètè ní àpá bíi ti DVD. Ẹni tó bá ń ra fíìmù tuntun, òun ló yẹ kó rà.

Àmọ́ lórí VCD, òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray ní léésà tó lè rí VCD, wọn ò kàn fi ohun tó ń túmọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni. Ó lè kọrin láti ara CD kó sì kọ VCD sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ "Video CD" kò bá sí nínú ìwé ìlò rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó àwo láti ilé wá sí Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí. VCD kò ní títì agbègbè rárá, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí àwo ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún apá ibòmíràn láyé. DVD ní: Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, Amẹ́ríkà wà ní 1, Bìrìtìkó wà ní 2. Ti Blu-ray, Áfíríkà àti Yúróòpù jọ wà ní B, Amẹ́ríkà wà ní A. Yàtọ̀ sí ìyẹn, PAL ni ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń lò nílé, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà níbí kò mọ PAL. Àwo lè má ní títì agbègbè kankan kí àwòrán rẹ̀ sì máa yí gbirigbiri tàbí kó jáde ní dúdú àti funfun. Kọ̀ǹpútà kì í ní ìṣòro PAL yẹn.

Ẹlẹ́rọAlábà

Ibẹ̀ la ti pàdé. Ìyá n'Íbàdàn kò ra fíìmù tuntun lórí Blu-ray, kò sí ẹni tó ń tẹ fíìmù Yorùbá sórí rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Àwòrán VCD jẹ́ 352 ní ìbú, 288 ní gíga. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi kún un ohun tí kò sí níbẹ̀.

Adéṣínà_Kọ̀ǹpútà

Bẹ́ ẹ bá pinnu láti kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń lọ nìyí. Mo máa sọ VCD lọ́tọ̀, nítorí pé ó rọrùn jù, ó sì tún le jù.

Ó rọrùn nítorí pé kò ní títì kankan. Ẹ ti àwo bọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà mélòó kan. MPEGAV lẹ máa ṣí. Inú rẹ̀ ni AVSEQ01.DAT wà, òun gan-an ni fíìmù. Bí AVSEQ02 bá wà, ó lè jẹ́ pé ìpolówó ni ìkan nínú wọn, ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi sí. Ẹ kọ́pì rẹ̀, ẹ yí .DAT padà sí .mpg, ó parí. VLC ń ṣí i, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n náà ń ṣí i.

Lórí ìwọ̀n: ìṣẹ́jú kan nínú VCD jẹ́ bíi MB 10 àti ààbọ̀, wákàtí kan jẹ́ bíi MB 630. Àwo 180, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó lè gba GB 110 sí 140. DVD 40 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kún dé GB 4.7, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 190. Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀: fláàṣì 128 kò gba gbogbo VCD pàápàá bí wọ́n bá gùn. Hàádì dísìkì GB 500 ló tọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Ti DVD, ẹ lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ MakeMKV. Ó máa kó fíìmù jáde bó ṣe wà láìfọwọ́ kan àwòrán, á sì fi ìkìlọ̀ àti ìpolówó tí kì í jẹ́ kéèyàn fò ó kọjá sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kéré, ẹ gbé e wọ ètò HandBrake, ẹ fi RF (ìwọ̀n dídára àwòrán) sí 20, kẹ́ ẹ yan deinterlace bí ìlà bá ń hàn lára ẹni tó ń rìn.

AláwoÀtijọ́

Adéṣínà, o sọ pé VCD tún le jù, o ò wá sọ ìdí rẹ̀. Yíyí .DAT sí .mpg nìkan kò tó.

Ìdí rèé. Lórí CD tí wọ́n kó ìwé tàbí fáìlì sí, sẹ́kítọ̀ (ègé kékeré) kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2048, ó sì fi àyè tó kù pa ìsọfúnni àtúnṣe mọ́, kí àpá kékeré má bàa ba fáìlì jẹ́. Àwọn tó ṣe VCD ní 1993 fẹ́ kí wákàtí kan ó lé díẹ̀ wọ inú àwo kan, wọ́n bá yọ ìpele àtúnṣe yẹn kúrò lára sẹ́kítọ̀ fíìmù, wọ́n fi fíìmù kún àyè rẹ̀: báìtì 2324. Èrè rẹ̀ ni pé fíìmù gùn sí i. Ohun tó gbà lọ́wọ́ wa ni pé àpá tí CD lásán máa fojú fò, VCD máa fi hàn bí àwòrán tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí ohùn tó ń ta kóó.

Ẹ̀rọ inú ilé mọ èyí, á kàn fò ó kọjá. Windows kò mọ̀ ọ́n. Tó bá ti kan sẹ́kítọ̀ kan tí kò lè kà, á dá kọ́pì dúró, á kọ "cyclic redundancy check", gbogbo ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ ti kó á sì ṣòfò. Nítorí náà, àwo tó bá ní àpá, ẹ má kọ́pì rẹ̀ lọ́nà fáìlì. Ètò IsoBuster ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́: ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí fáìlì fíìmù, ẹ yan èyí tó ní kó yọ M2F2 (sẹ́kítọ̀ fíìmù yẹn) nìkan. Bó bá kan ibi tó bàjẹ́, á béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ní kó fi òfo rọ́pò rẹ̀ kó máa lọ. Fíìmù á há fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá níbẹ̀, ìyẹn sàn ju kéèyàn pàdánù gbogbo rẹ̀. VCDGear náà wà, òun máa ń bọ́ èèpo tí Windows fi bo .DAT kúrò, á sì jẹ́ .mpg gidi. Ẹ̀rọ DVD mìíràn tó ń ka USB kò ní gba .DAT tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì máa gba èyí tí VCDGear bọ́.

Lórí Linux, kọ́pì fáìlì kì í ṣiṣẹ́ rárá, á sọ pé ó kùnà. vcdxrip lẹ máa lò.

Ẹ tún mú kọ̀ǹpútà ka àwo díẹ̀díẹ̀. Àwo tó kùnà ní ìlọ́po 24 lè gba ní ìlọ́po 4.

Adéṣínà_Kọ̀ǹpútà

O ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà. Fún àwo tó mọ́ tónítóní, ọ̀nà tèmi tó. Bẹ́ ẹ bá ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ fún àwo kan, 180 á gba wákàtí 15 sí 24. Ẹ má gbìyànjú láti ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ kan.

Tóbi_Jẹ́jẹ́

Àwo tó bá ní àpá, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ó ń ṣiṣẹ́.

AláwoÀtijọ́

Ó ń ṣiṣẹ́ níbì kan, ó ń ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn. Tóbi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká là á yé ara wa.

Nínú CD àti VCD, ibi tí fíìmù wà gan-an jẹ́ ojú òkè, lábẹ́ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ìsàlẹ̀ tó ń dán yẹn jẹ́ ike tó nípọn tó mílímítà kan ó lé. Àpá tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ni ọṣẹ ìfọyín lè dán kúrò díẹ̀, torí ike ló ń họ. Àpá tó bá wà lójú òkè ti gbé fíìmù lọ, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ gbé àwo sókè sí gílóòbù, bẹ́ ẹ bá rí ihò tín-tìn-tín tí iná ń gbà kọjá, ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. DVD yàtọ̀: àárín ike méjì ni fíìmù rẹ̀ wà, òkè kì í tètè bàjẹ́. Blu-ray wá yí i padà pátápátá, fíìmù wà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà sí ìsàlẹ̀. Ìbora líle tí Bọ́láńlé sọ ló ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá fi ọṣẹ ìfọyín ha ìbora yẹn, ó ti pa àwo náà.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ ni. Ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Ojú ọ̀nà fíìmù ń yí ká lórí àwo. Àpá tó bá bá ojú ọ̀nà náà lọ máa ń ba ibi tó gùn jẹ́, èyí tó bá dá a kọjá kì í ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwo yín jẹ́ títẹ̀ tàbí sísun. Èyí tó dán bíi fàdákà jẹ́ títẹ̀. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi búlúù tàbí ewé, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sun ún ni, aró ló di fíìmù mú, oòrùn sì ń ṣá aró. Àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó.

Ìyábọ̀_Peckham

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìyá. Ìbéèrè tí Àrẹ̀mú bi wá ni pé èwo ni kò ní dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì VHS, bí iná bá lọ láàárín fíìmù, ibi tí kásẹ́ẹ̀tì dúró ló dúró. Iná dé, ẹ tẹ "play", fíìmù ń bá a lọ. Kódà, ẹ lè yọ ọ́ gbé lọ sílé àbúrò yín, ibẹ̀ náà lá ti máa bọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni kíká padà sẹ́yìn. VCD dé, kíká padà tán, ìrántí náà sì tán. Iná lọ lágogo mẹ́jọ, iná dé lágogo mẹ́sàn-án, fíìmù tún bẹ̀rẹ̀ látorí orin. Ẹ wá ní láti dìde ti 1B, àwo kejì fíìmù náà, bọ̀ ọ́. DVD mú gbogbo rẹ̀ wọ àwo kan, ó wá fi ojú ewé àkọ́kọ́ tó ń kọrin kan náà títí èèyàn á fi yan nǹkan sínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí kò mọ ibi tí "play" wà lójú ewé yẹn á jókòó máa gbọ́ orin náà. Fláàṣì yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ó fi orúkọ 90 tó tò lọ bẹẹrẹ rọ́pò rẹ̀, ìyá kò sì lo awò wọn.

Àwòrán ara páálí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń mọ fíìmù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kó páálí wọ̀nyẹn dànù bẹ́ ẹ tiẹ̀ kó àwo kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí iwájú páálí kọ̀ọ̀kan, 01, 02, 03, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà kan náà bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì. Ìyá á mú páálí, á rí 37, á wá 37 lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀rọ DVD ni mo faramọ́ ní tèmi, pẹ̀lú àwo tó ṣì dára. Ẹ fi rìmóòtù rẹ̀ pa PBC, ìyẹn ètò inú VCD tó ń darí bí fíìmù ṣe ń lọ. Bí PBC bá wà ní títàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í gbà kéèyàn tẹ aago tó fẹ́ lọ bá nínú VCD. Tó bá ti kú, ẹ tẹ "GOTO", ẹ kọ ìṣẹ́jú 35, ó dé ibẹ̀. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ bọ́tìnì mẹ́ta tí wọ́n nílò, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ìyókù.

Tóbi_Jẹ́jẹ́

Sẹ́lótéèpù kẹ̀! Ìyá yín á lé yín jáde. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ń rántí ibi tí fíìmù dúró lórí fláàṣì o.

Ìyábọ̀_Peckham

Àwọn kan ń rántí bó bá jẹ́ pé ẹ fi rìmóòtù pa á. Bí iná bá já lójijì ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó kó àwo 180, ẹ fi fíìmù kan dán an wò: ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, ẹ dá a padà. Ohun tó bá ṣe lọ́jọ́ náà lá máa ṣe títí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dà 1A àti 1B pọ̀ di ẹyọ kan. Fáìlì kúkúrú méjì rọrùn ju fáìlì gígùn kan lọ nígbà tí iná bá ń ṣe báyìí.

Káyọ̀dé_Ìkẹjà

Díẹ̀ lórí fláàṣì fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò.

Èyí tí wọ́n kọ "2TB" sí tí owó rẹ̀ kò ju ti 32GB lọ, irọ́ ni. Inú rẹ̀ lè má ju GB 16 tàbí 32 lọ. Wọ́n ti yí i kó máa pa irọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ó kó fíìmù sí i títí, kò ní kùnà, àmọ́ tuntun á máa tẹ àtijọ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ máa mọ̀. Ètò H2testw ló ń tú wọn fó: á fi fáìlì kún fláàṣì, á wá kà wọ́n padà. Ẹ ṣe é kí fíìmù kankan tó wọ ibẹ̀, kódà fún èyí tẹ́ ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú tó ní USB kì í sábà gbà ju FAT32 (ìlànà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú fláàṣì) lọ, ó sì fẹ́ MPEG-1, MPEG-2 tàbí Xvid. Fíìmù MP4 tí HandBrake ṣe á wọ tẹlifíṣọ̀n, kò ní wọ ẹ̀rọ yẹn. Nítorí náà, ẹ fi VCD sílẹ̀ bó ṣe wà ní .mpg, á ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Ẹ rántí pé FAT32 kì í gba fáìlì tó bá ju GB 4 lọ. MKV láti inú DVD lè kọjá ìyẹn. Windows kì í sábà fi FAT32 lọ̀ yín fún fláàṣì tó bá ju GB 32 lọ. Ètò Rufus ló máa ṣe é, ẹ yan "Non bootable".

Orúkọ fáìlì: ẹ má fi àmì ohùn sí i. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, mo fi ń kọ èyí, àmọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń sọ "ọ̀" di àpótí òfo. Ẹ̀rọ mìíràn kì í tò wọ́n ní ABD, bí ẹ ṣe kó wọn wọlé ló ń tẹ̀ lé. Ẹ kó 01 wọlé, kẹ́ ẹ tó kó 02.

Bó bá jẹ́ hàádì dísìkì lẹ fẹ́, ẹ wo iná tí USB tẹlifíṣọ̀n ń fúnni. Òmíràn kì í ju ìdajì áḿpù lọ, hàádì á máa ké tíkí-tíkí kò sì ní dìde. Fláàṣì kì í ní ìṣòro yẹn.

Bọ́láńlé_Houston

Kí n tún sọ ohun kan lórí DVD "16-in-1" tí wọ́n ń tà lójú títì. Ẹ má fi rọ́pò VCD yín. Ẹ pín GB 4.7 fún fíìmù 16, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀. Ó kù bíi 435 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá fún àwòrán àti ohùn pọ̀. VCD ń fún àwòrán nìkan ní 1150. DVD ni lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú eléré dà bí ẹ̀kọ tó ń tú. Púpọ̀ nínú wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù. Kíkó àwo tẹ́ ẹ fowó rà fún ilé ara yín yàtọ̀ sí èyí.

Ti YouTube, Tóbi, ohun tó wà níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la, dátà sì ń jẹ owó lójoojúmọ́. Àwo kì í béèrè dátà.

Àrẹ̀mú_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo nu lẹ́ǹsì, kò gbà. Mo ra ẹ̀rọ DVD oní-HDMI, mo mú VCD àti DVD dání bí ọ̀gá ẹlẹ́rọ ṣe wí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá kò rí VCD lóòótọ́. Àwo tó ṣì dára dúró lórí ẹ̀rọ, àwọn tí wọ́n sun ni mo ti ń kó sórí fláàṣì 64, mo ti ṣe bíi 30. Ìṣòro méjì ló kù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó wá láti fláàṣì fẹ̀, gbogbo èèyàn sanra. Èkejì, mo lo "copy /b" láti dà 1A àti 1B ti fíìmù kan pọ̀. Ibi tí 1B ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu àti ohùn kò bá ara wọn mu mọ́, aago ìsàlẹ̀ sì padà sí òdo.

Adéṣínà_Kọ̀ǹpútà

Ti àkọ́kọ́: VCD jẹ́ 4 sí 3, tẹlifíṣọ̀n fà á di 16 sí 9. Nígbà tí fíìmù bá ń lọ, ẹ wá "Aspect" tàbí "Picture size", ẹ yan 4:3. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá gbà á lórí USB, ẹ̀rọ DVD yín lè gba fláàṣì náà dípò rẹ̀, tó bá ní ihò USB. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ètò ffmpeg fi dúdú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì:

ffmpeg -i 37.mpg -vf "scale=768:576,pad=1024:576:128:0,setsar=1" -c:v libx264 -crf 20 -c:a aac -b:a 160k 37.mp4

Ó ń pẹ́, fáìlì sì lè tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ ṣe é fún àwọn tí wọ́n ń wò jù nìkan.

Ti èkejì: copy /b kàn ń lẹ fáìlì méjì mọ́ra ni, kì í tún aago inú wọn tò. Ẹ kọ ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ list.txt, ìlà méjì:

file '37A.mpg'
file '37B.mpg'

Lẹ́yìn náà:

ffmpeg -f concat -safe 0 -i list.txt -c copy 37.mkv

Ìṣẹ́jú kan péré ni. MKV yẹn máa dára lórí tẹlifíṣọ̀n. Fún ẹ̀rọ DVD, ẹ fi .mpg sí ìparí dípò .mkv.

AláwoÀtijọ́

Tàbí kẹ́ ẹ má dà wọ́n pọ̀ rárá, bí Ìyábọ̀ ti wí. Àrẹ̀mú, ṣé ẹ ti yọ wáyà lára ògiri dán an wò?

Àrẹ̀mú_Bódìjà

NẸ́PÀ ti bá mi dán an wò lánàá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. 37A àti 37B dúró bẹ́ẹ̀.